Ọkọ̀ Eléèéfín Lórí Ọ̀sà Wa

 Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Nítorí èyí ni ó fi dára kí a máa fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún bí irú èyí fún ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ sọ ní tèmi.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ wa ni ó rò pé títì ńlá tí ó gba ìlú wa kọjá láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì ni ó ṣí ojú agbègbè yìí sí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni ìjọba là títì náà. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti bàbá ọmọ kan lọ. Kí ó tó dé, ọ̀nà mìíràn ti wà tí ẹnikẹ́ni kò da ọ̀dà sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbẹ́. Ọ̀nà náà ni ọ̀sà tí ó wà ní gúúsù wa, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Àjàṣẹ́, tí ó gba Àgbádárìgì kọjá, tí ó sì dé Èkó.

Nígbà tí a bá ń ka ìwé nípa ọ̀nà yìí, a sábà máa ń rí i kà pé ọkọ̀ eléèéfín àwọn òyìnbó ni ó ṣí i. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ọkọ̀ eléèéfín kò ṣí ọ̀nà kankan fún wa. Ó bá ọ̀nà nílẹ̀ ni. Ohun tí ó ṣe ni pé ó yí ọwọ́ tí ó di ọ̀nà náà mú padà: ó gbà á lọ́wọ́ àwọn ọba àti ìjòyè etí omi, ó sì fi í lé ìjọba àti ilé iṣẹ́ òkè òkun lọ́wọ́. Ó yẹ kí a mọ bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí omi náà ṣì wà níbẹ̀, kò sì tíì gbẹ.

Ọ̀nà tí Ẹlẹ́dàá là

Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn odò tí ń ti òkè bọ̀ kò sì rí ibi já sí òkun tààrà. Iyanrìn etíkun ni ó dí wọn lọ́nà, tí wọ́n fi tàn kálẹ̀ lẹ́yìn iyanrìn náà tí wọ́n sì di ọ̀sà. Odò Ouémé ń ṣàn bọ̀ láti àríwá ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí, ó sì ń wọ ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Odò Yewa ń gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò wá sínú ọ̀sà Àgbádárìgì. Ní apá ìlà oòrùn wa ni ọ̀sà Ológè wà. Gbogbo omi wọ̀nyí so mọ́ ara wọn, wọ́n sì ń wá ọ̀nà lọ sí ẹnu òkun ní Èkó.

Láti Àjàṣẹ́ dé Àgbádárìgì tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Láti Àgbádárìgì dé Èkó tó nǹkan bí 60. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ lè dé Èkó, kí ó tún kọjá lọ sí Ìkòròdú, Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́, láìfi ojú kan ìgbì òkun. Ẹni tí ó bá mọ bí ìgbì etíkun wa ti le tó yóò mọ iyì èyí. Ìgbì náà a máa gbé ọkọ̀ sókè, a sì máa là á mọ́ iyanrìn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iyanrìn náà, omi ọ̀sà a máa dákẹ́ rọ́rọ́.

Ayé ọkọ̀ àjẹ̀

Igi kan ṣoṣo ni àwọn baba wa ń gbẹ́ fi ṣe ọkọ̀. Níbi tí omi bá jìn, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á. Níbi tí kò bá jìn, ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti òkun fẹ́ wá, wọ́n a ta aṣọ tàbí ẹní sórí igi, ọkọ̀ a sì máa sáré. Ní àkókò òjò, omi a máa ṣàn lọ sí ìhà Èkó, a sì máa ran ẹni tí ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tí ń bọ̀ ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìgbà kò lè ṣe atukọ̀.

Lórí ọkọ̀ wọ̀nyí ni iyọ̀ tí a sè ní etíkun, ẹja yíyan àti àgbọn fi ń lọ sí òkè, tí epo pupa, àgbàdo àti iṣu fi ń sọ̀kalẹ̀ wá sí etí omi. Ègùn ń tà fún Àwórì, Àwórì ń tà fún Ègùn, ẹnì kan a sì máa gbọ́ èdè ẹnì kejì. Ebúté kọ̀ọ̀kan ní olúwa rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ fún oníbodè ní tirẹ̀. Àgbádárìgì nìkan ní adúgbò mẹ́jọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ìjòyè tirẹ̀ àti àwọn oníbàárà tirẹ̀. Agbára ìlú wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ebúté.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ọ̀nà omi yìí kan náà ni a fi ru ènìyàn bí ẹrù. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, Àgbádárìgì di ọ̀kan nínú àwọn èbúté ẹrú tí òkìkí wọn kàn ní etíkun yìí. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni ó ń gbé àwọn tí a dè kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹrẹfu, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ọkọ̀ ńlá ní òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà wá mọ́ láé. Owó ibodè tí a gbà lórí wọn kún inú ọrọ̀ àwọn ìlú etí omi.

Omi náà ni ó sì mú díẹ̀ nínú wọn padà wá. Ní ọdún 1839, àwọn Àkú tí a ti dá sílẹ̀ ní Sàró fi owó ara wọn ra ọkọ̀ kan, wọ́n pè é ní Queen Victoria, wọ́n sì wọ̀ ọ́ wá sí Àgbádárìgì láti wá ilé bàbá wọn. Ìgbòkun ni ọkọ̀ náà ń lò. Ṣùgbọ́n ní ìgbà yẹn, ọkọ̀ tí kò ní ìgbòkun ti ń sún mọ́ wa.

Láti Àgbádárìgì dé Odò Ọya

Bí òyìnbó ṣe rí ẹnu Odò Ọya, tí wọ́n sì fi rò pé ọkọ̀ eléèéfín lè wọ inú ilẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì. Wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Bùsá, wọ́n wọ ọkọ̀ àjẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé odò náà títí ó fi gbé wọn dé òkun kí ọdún náà tó parí. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù ti ń jiyàn lórí ibi tí odò náà já sí. Ọkọ̀ àjẹ̀ àti àwọn atukọ̀ ilẹ̀ wa ni ó parí iyàn náà fún wọn.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1832, Macgregor Laird, ọmọ ilé iṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀ ní ìhà Liverpool, mú ọkọ̀ eléèéfín méjì wọ Odò Ọya. Quorra ni orúkọ ọ̀kan, èyí tí í ṣe Kwara, orúkọ odò náà fúnra rẹ̀. Alburkah ni ìkejì, èyí tí í ṣe ìbùkún ní èdè Haúsá. Irin ni wọ́n fi kan Alburkah látòkè délẹ̀, ó sì wà lára àwọn ọkọ̀ irin àkọ́kọ́ tí ó la òkun já.

Bí ọkọ̀ eléèéfín ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ó bá ti se ẹ̀wà rí ti rí i bí ooru ṣe ń gbé ọmọrí ìkòkò sókè. Ìkòkò irin ńlá wà nínú ọkọ̀ náà, omi wà nínú rẹ̀, iná èédú tàbí igi sì ń jó lábẹ́ rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ooru náà rí ibi gbà jáde àfi inú ọ̀pá irin kan, níbi tí ó ti ń ti irin síwá sẹ́yìn. Irin yìí ni ó ń yí àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tí a kan pákó mọ́ yíká bí àjẹ̀. Nítorí náà, àjẹ̀ ni òyìnbó náà ń lò. Iná ni ó fi rọ́pò apá ènìyàn. Ọkọ̀ náà kò dúró de afẹ́fẹ́, ó sì lè kọjú sí ìṣàn omi kí ó sì máa lọ.

Ṣùgbọ́n iná kò lè lé ibà. Nínú òyìnbó 48 tí ó bá Laird lọ, mẹ́sàn-án péré ni ó padà sílé láàyè. Lander fúnra rẹ̀, tí ó bá wọn lọ, gba ọgbẹ́ ìbọn lórí odò, ó sì kú ní ọdún 1834. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ eléèéfín mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, lọ sí odò náà. Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ ní ìrìn àjò yẹn. Ó lé ní ogójì òyìnbó tí ibà pa. Ìgbà tí ó di 1854, tí Dókítà Baikie gun ọkọ̀ Pleiad lọ, tí ó sì ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kíníìnì lójoojúmọ́, ni ẹnikẹ́ni kò kú. Crowther tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni òyìnbó ti mọ̀ pé pẹ̀lú iná nínú ọkọ̀ àti kíníìnì nínú àpò, òun lè wọ inú ilẹ̀ kí òun sì jáde láàyè.

Ọkọ̀ ìbọn lójú ọ̀sà

Lórí ọ̀sà tiwa, ọkọ̀ eléèéfín tí ìtàn kọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wá kò ru ẹrù ọjà. Ìbọn ni ó rù. Ní ọdún 1851, Akítóyè tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò lórí oyè Èkó ń gbé ní Àgbádárìgì. Àwọn tirẹ̀ àti àwọn ti Kòsọ́kọ́ bá ara wọn jà nínú ìlú náà ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, iná sì jó ilé púpọ̀. John Beecroft ni aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun yìí ní àkókò náà. Ẹ kíyè sí i pé atukọ̀ eléèéfín ni Beecroft kí ó tó di aṣojú ọba. Ní 1840 ó ti gun ọkọ̀ Ethiope lọ jìnnà nínú Odò Ọya.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà Èkó pẹ̀lú ọkọ̀ eléèéfín Bloodhound, àwọn ará Èkó sì lé wọn padà. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì wọ́n tún dé. Ọkọ̀ ńlá wọn, Penelope, kò lè wọlé, nítorí iyanrìn ẹnu òkun kò jẹ́ kí ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ jìn kọjá. Bloodhound àti Teaser ni ó wọlé, àwọn méjèèjì sì fi ìdí sọlẹ̀ lórí iyanrìn lábẹ́ ìbọn àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́. Ogun náà gbóná. Nígbà tí ó parí, Kòsọ́kọ́ gba ojú ọ̀sà lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ àjẹ̀, Akítóyè sì padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1852 ni ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú.

Àwọn ìlú etí ọ̀sà yòókù gba ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́yìn èyí. Ní 1861, ọkọ̀ eléèéfín Gẹ̀ẹ́sì gba ojú omi wa kọjá lọ yìnbọn sí Àjàṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, nígbà tí ọkọ̀ ìbọn Prometheus ń dẹ́rù bà wọ́n lójú ọ̀sà, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1863, Àgbádárìgì wọ abẹ́ ìjọba Èkó. Ní ọdún yẹn kan náà, Sodji ọba Àjàṣẹ́ gba ààbò lọ́dọ̀ àwọn Faransé, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì má baà tún padà wá.

Ẹni tí ó wá di olórí ìjọba Èkó ní àkókò yìí, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, ìyẹn John Hawley Glover, atukọ̀ eléèéfín ni òun náà. Ó wà nínú ọkọ̀ Dayspring tí ó fọ́ sórí àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà ní 1857, ó sì gba orí ilẹ̀ wá sí Èkó. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá ni ọ̀sà ni ó ni ọjà òkè.

Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ní oṣù Kẹta 1892, àwọn ọmọ ogun Dahomey yìnbọn sí ọkọ̀ ìbọn Topaze ti àwọn Faransé lórí odò Ouémé. Victor Ballot, aṣojú ìjọba Faransé ní Àjàṣẹ́, wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó bẹ́ ogun sílẹ̀. Ọ̀gágun Dodds kó ogun gòkè láti Àjàṣẹ́ gba ẹ̀bá odò náà, ọkọ̀ ìbọn sì ń tẹ̀ lé wọn lójú omi. Ní oṣù Kọkànlá wọ́n wọ Àgbómẹ̀. Ìjọba tí ó ti dẹ́rù ba Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864 ṣubú.

Ọkọ̀ lẹ́tà àti àwọn oníṣòwò

Bí mo bá dákẹ́ síbí, ìtàn náà yóò jẹ́ apá kan. Ọkọ̀ eléèéfín ní rere tí ó ṣe. Ní 1852 ni Macgregor Laird dá ẹgbẹ́ African Steam Ship Company sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní iṣẹ́ láti máa gbé lẹ́tà wá sí etíkun yìí. Forerunner ni ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí èyí tó dé, ẹni tí ó bá fẹ́ fi epo ránṣẹ́ sí Liverpool tàbí Bristol gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun náà a sì máa dúró ní etíkun fún oṣù púpọ̀ títí àgbá epo yóò fi kún inú rẹ̀. Olówó ńlá nìkan ni ó lè ṣe é.

Ọkọ̀ lẹ́tà yí èyí padà. Ọjọ́ tí ó ń dé ni a mọ̀, ọjọ́ tí ó ń lọ ni a mọ̀, ẹnikẹ́ni sì lè san owó àyè fún àgbá epo mẹ́wàá tàbí ogún. Nípa báyìí ni àwọn Sàró àti àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà sí òkè òkun, tí wọ́n ń ta epo àti èkùrọ́ tiwọn, tí wọ́n sì ń ra ọjà tiwọn láìgba ẹnì kan láàárín. Epo tí ọwọ́ àwọn obìnrin abúlé tẹ̀ ní ìhà Yewa àti ní ìhà tiwa ń wọ ọkọ̀ àjẹ̀ dé Èkó, ó ń ti Èkó wọ ọkọ̀ eléèéfín, ó sì ń di ọṣẹ àti àbẹ́là ní ilẹ̀ òkèèrè.

Àlà tí a fà sórí omi

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba owó ibodè ti yí padà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Yúróòpù, wọ́n fà á lórí ìwé pé ààlà àwọn méjèèjì yóò gba ojú odò Àjàrá. Àjàṣẹ́ bọ́ sí ìhà kan, Àgbádárìgì bọ́ sí ìhà kejì. Omi tí ó jẹ́ ọ̀kan láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé di méjì ní ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n tí ó ń gbé ní ìhà Àjàṣẹ́ àti àbúrò tí ó ń gbé ní ìhà wa di ọmọ orílẹ̀-èdè méjì, ẹja tí ọ̀kan fi ránṣẹ́ sí èkejì sì di ẹrù tí a ń san owó lé lórí. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn Faransé kan afárá irin wọ inú òkun ní Kútọnu, kí ọjà wọn má baà gba Èkó kọjá mọ́. Bí ọjà ṣe ń yà kúrò lórí ọ̀sà wa nìyẹn.

Ohun tí ọkọ̀ eléèéfín kò lè ṣe

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé ọjọ́ tí ọkọ̀ eléèéfín dé ni ọkọ̀ àjẹ̀ kú. Ọ̀sà wa kò jìn níbi gbogbo, iyanrìn rẹ̀ a sì máa ṣí kiri. Ọkọ̀ eléèéfín gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ibi tí omi ti jìn, kò sì lè wọ inú àwọn odò kéékèèké. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni ó ń lọ kó ẹrù láti ìsàlẹ̀ igbó wá bá a. Ọmọ ilẹ̀ wa ni ó ń jókòó níwájú ọkọ̀ òyìnbó láti fi ọ̀nà hàn án. Bí atukọ̀ ilẹ̀ wa bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, iná inú ọkọ̀ eléèéfín kò wúlò.

Àní ẹnu òkun Èkó pàápàá kò gba ọkọ̀ ńlá títí di ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ọkọ̀ òkun a dúró ní ìta, a ó gbé ènìyàn sínú àga onígi, a ó fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré lórí ìgbì. Púpọ̀ nínú ẹrù ni wọ́n sì ń fi ọkọ̀ eléèéfín kéékèèké kó lọ kó bọ̀ sí Forcados. Ní 1907 ni ìjọba mú ọkọ̀ Egerton wá láti máa wa iyanrìn ẹnu òkun, wọ́n sì to òkúta wọ inú òkun láti dá ìgbì dúró. Nígbà tí ó di 1914, ọkọ̀ òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí wọlé.

Inú Èkó dùn, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti rí fún wa. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896 ti dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì ń lọ sí òkè. Ọjà òkè tí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ gba onírúurú ebúté bẹ̀rẹ̀ sí gba ojú irin kan ṣoṣo lọ sí ẹnu òkun kan ṣoṣo. Àgbádárìgì tí Lander àti àwọn míṣọ́nnárì ti bá gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá di ìlú ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó sọ ìlú etí ọ̀sà di ẹ̀yìn. Ibi tí a gba ọ̀nà sí ni.

Títì dé, ewéko dé

Ọkọ̀ eléèéfín fúnra rẹ̀ kò gbó sórí ọ̀sà. Ẹ́ńjìnnì olépo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí a fi ń so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́ ìdí ọkọ̀ àjẹ̀ tiwa. Lẹ́yìn náà ni títì dé, a sì kọ ẹ̀yìn sí omi. Ilé tí ó ti kọjú sí ebúté kọjú sí ọ̀nà mọ́tò. Ìlú wa jẹ èrè títì náà púpọ̀, n kò sì ní bú u.

Ṣùgbọ́n omi kì í fẹ́ kí a gbàgbé òun. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, a rí ewéko kan lórí ọ̀sà Àgbádárìgì tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, tí ó bá omi wá láti ìhà Benin. Kì í ṣe ojúoró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà tí a bá láyé. Water hyacinth ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ìhà gúúsù ni ó sì ti wá. Ọ̀sà wa ni ó kọ́kọ́ gbà wọ Nàìjíríà, kí ọdún púpọ̀ tó kọjá ó ti dé gbogbo etí omi títí lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Ó ń dí ojú omi, ó ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń dá apẹja dúró sílé. Ewéko yìí rántí ohun tí àwa gbàgbé: pé ọ̀nà ni ọ̀sà, ohun tí ó bá sì wọ̀ ọ́ ní Àjàṣẹ́ yóò dé Èkó.

Kí ni kí a ṣe?

Gbogbo ẹni tí ó ń ti Èkó bọ̀ wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ mọ ohun tí ojú wa ń rí lórí títì. Láti 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń mú un fẹ̀ láti ìhà Èkó. Ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ṣì jìnnà sí Morogbo. Ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti dá iléeṣẹ́ tí ń bójú tó ọ̀nà omi sílẹ̀ láti 2008. Ọ̀rọ̀ omi ti ń padà bọ̀ sí ètè àwọn aláṣẹ. Bí ọ̀nà bá fẹ́ tún padà sórí ọ̀sà, ó yẹ kí ó bá wa ní ìmúrasílẹ̀, kí ó má baà tún jẹ́ pé àlejò ni yóò wá fi ọ̀nà wa hàn wá.

Mo fi ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí a yan àwọn ọmọ tí ó mọ ìwé kọ, kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn atukọ̀ àgbà àti àwọn ìyá tí ó ti fi ọkọ̀ ná ọjà, ní èdè Ègùn àti ní èdè Yorùbá. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ebúté sílẹ̀, ibi tí omi ti jìn, ibi tí iyanrìn wà, àti ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá lọ tán, kò sí ìwé òyìnbó tí a ó ti rí i kà. Èkejì, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ̀nà tí ó lọ sí omi tàbí ilẹ̀ ebúté gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ilé. Ìlú tí ó ta ebúté rẹ̀ ti ta ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwa àti àwọn ìlú tí ó yí wa ká jùmọ̀ fi ohùn kan bá ìjọba sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa kó ewéko kúrò lójú omi, kí wọ́n wa iyanrìn níbi tí ó yẹ, kí wọ́n kọ́ ebúté tí ó ní àtẹ̀gùn dáradára, kí gbogbo èrò ọkọ̀ sì ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, ẹ̀yin náà lè ràn wá lọ́wọ́. Ìwé tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ eléèéfín kọ, àti àwòrán tí wọ́n yà nípa ọ̀sà wa, ọ̀dọ̀ yín ni púpọ̀ nínú wọn wà, nínú ilé ìkówèésí London àti Paris. Ẹ bá wa wò wọ́n, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sílé, kí a lè fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa.

Àwọn tí ó fi iná tu ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa ti lọ. Ọ̀sà náà kò lọ síbì kan. Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti lo ohun tí ó fi jíǹkí wa. Àmín.